Kílò inú ìwé kọ́ ni kílò tí ẹ máa gbé: bí a ṣe ń wo ìwọ̀n snowmobile kí a tó rà á

Bí ẹ bá ṣí ìwé ìpolówó snowmobile, ọkọ̀ tí wọ́n ń gùn bí alùpùpù lórí yìnyín, ìbáà jẹ́ ti iléeṣẹ́ Ski-Doo, Polaris, Lynx tàbí Arctic Cat, ẹ máa rí nọ́ńbà kan níbi tí wọ́n kọ ìwọ̀n ọkọ̀ sí. Kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n kò pé. Ìwọ̀n gbígbẹ ni: ọkọ̀ tí wọn kò tíì rọ epo sí, tí kò ní ọ́ìlì, tí omi tó ń mú ẹ́ńjìnì tutù kò sí nínú rẹ̀. Ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ kò lè kúrò lójú kan. Èyí tó kan ẹni tó fẹ́ rà á ni ìwọ̀n ọkọ̀ tó ti ṣetán láti lọ, pẹ̀lú ẹni tó gùn ún àti ẹrù tí wọ́n dì mọ́ ọn lẹ́yìn.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Lítà epo pẹtiróòlù kan fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kílò 0.75. Táǹkì tó gba lítà 40 ti fi kílò 30 kún un kí ẹ tó ṣíná rárá. Ọ́ìlì two-stroke, ẹ́ńjìnì tó ń jó ọ́ìlì pọ̀ mọ́ epo, sábà máa ń tó lítà 3 sí 4, ìyẹn bíi kílò 3. Omi rédíétọ̀ tó lítà 4 tàbí 5. Ẹ kà á sí kílò 5. Bí ọkọ̀ bá ń fi bọ́tìnì ṣíná dípò okùn fífà, bátìrì àti sítátà lè fi kílò 7 sí 10 kún un. Ọkọ̀ tí wọ́n pè ní kílò 200 nínú ìwé ti di 240 nìyẹn, tàbí kó lé díẹ̀. Ẹni tó wúwo tó kílò 80, tó wá wọ bàtà, akoto àti aṣọ òtútù, tó so ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá ẹni tí yìnyín bò mọ́ra, tó gbé báàgì tí ṣọ́bìrì wà nínú rẹ̀ kọ́ ẹ̀yìn, kò ní dín ní 95. Àpapọ̀ rẹ̀ wá ń lọ sí 335. (Pọ́ùn ni ìwé àwọn ará Amẹ́ríkà máa ń lò. Ẹ fi 0.454 sọ pọ́ùn di púpọ̀, ó di kílò.)

Ohun kan wà tí ìwé kì í kà rárá, òun ni yìnyín tó ń dì mọ́ ọkọ̀. Ooru ọkọ̀ máa ń yọ́ èyí tó bá fò sí abẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà á tún dì, pàápàá lórí ibi ìtẹ̀sẹ̀ àti nínú ihò tí tíráàkì ń yí sí. Kí ọjọ́ tó rọ̀, ó lè ti di ẹrù gidi. Ẹ máa gbá a kúrò nígbà tí ẹ bá dúró sinmi, ṣùgbọ́n ẹ má fi irin ṣóńṣó tàbí sikurudíráfà gún un. Ibẹ̀ gan-an ni àwo tó ń mú omi rédíétọ̀ tutù wà, alumíníọ̀mù tín-ínrín sì ni. Bí ó bá lu, omi á jò tán nínú igbó, ẹ́ńjìnì á gbóná, ẹ óò sì fẹsẹ̀ rìn padà sílé.

Kílò nìkan kò wá sọ bóyá ọkọ̀ máa rì. Bí kílò náà ṣe tàn ká ló ń sọ ọ́. Bí ẹni tó wọ bàtà gogoro àti ẹni tó wọ sálúbàtà pẹlẹbẹ bá gba inú ẹrẹ̀ kan náà kọjá, ẹ mọ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ máa há, kódà bí ẹni tó wọ sálúbàtà bá sanra jù ú lọ. Sálúbàtà snowmobile ni tíráàkì, bẹ́líìtì rọ́bà gbọọrọ tó ń yí lábẹ́ rẹ̀. Gígùn tí wọ́n ń kọ fún un, 129, 137, 146, 154, 165, ínǹṣì àyíká bẹ́líìtì náà ni, kì í ṣe ìwọ̀n ibi tó kan ilẹ̀. Ibi tó kan ilẹ̀ kì í tó ìdá méjì nínú márùn-ún rẹ̀.

Ẹ wo ọkọ̀ mẹ́ta, kí á fi kílò 90 ṣe ìwọ̀n ẹni tó gun ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àkọ́kọ́ ni ọkọ̀ ojú ọ̀nà, kílò 260 tó ti ṣetán, tíráàkì 129, fífẹ̀ rẹ̀ ínǹṣì 15, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 38. Bí nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 118 nínú gígùn rẹ̀ bá kan ilẹ̀, gíráàmù 78 ló ń tẹ sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Èkejì ni ọkọ̀ orí òkè, kílò 235, tíráàkì 165, fífẹ̀ kan náà: ó di nǹkan bíi gíráàmù 52. Ẹ̀kẹta ni ọkọ̀ iṣẹ́, gbọ̀ǹgbọ̀nràn oníkílò 370, tíráàkì 154 tó fẹ̀ ní ínǹṣì 24, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 61. Tirẹ̀ kò ju nǹkan bíi gíráàmù 50 lọ! Òun tó wúwo jù ló tẹ yìnyín jẹ́jẹ́ jù. Ìṣírò yìí kò ka síkíì iwájú, pátákó pẹlẹbẹ méjì tó ń yọ̀ lórí yìnyín, tó ń gba díẹ̀ nínú ẹrù náà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe tò tẹ̀ léra kò ní yí padà.

Ẹ wá fi bàtà tiyín wé e. Àtẹ́lẹsẹ̀ bàtà òtútù kan kò ju sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin 300 lọ. Ẹni tó jẹ́ kílò 90, bó bá fi ẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, gíráàmù 300 ló fi ń tẹ ẹ́. Ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ fi ń léfòó lórí yìnyín tuntun, tí ẹni tó bọ́ sílẹ̀ lára rẹ̀ á sì rì dé itan. Inú ipò yẹn ni ẹ ti máa gbé ọkọ̀ bó bá há. Ìbéèrè méjì ló wà níbí, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń dà wọ́n pọ̀: ṣé ọkọ̀ yìí máa rì, àti bó bá rì, ta ló máa gbé e jáde? Tíráàkì ló ń dáhùn ti àkọ́kọ́. Kílò ló ń dáhùn ìkejì, kò sì sí tíráàkì tó lè bá yín dín in kù.

Ọkọ̀ ojú ọ̀nà ni ọ̀pọ̀ èèyàn ní ìpínlẹ̀ Minnesota, Wisconsin àti Michigan ní Amẹ́ríkà ń rà, nítorí pé ojú ọ̀nà tí ẹ̀rọ ti tẹ̀ pẹrẹsẹ ló pọ̀ níbẹ̀. MXZ ti Ski-Doo àti Indy ti Polaris wà nínú ẹ̀yà yìí. Yìnyín ojú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ti le. Mítà kúbíkì kan rẹ̀ lè tó kílò 400 sí 500, nígbà tí ti yìnyín tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lè má ju kílò 50 sí 100 lọ. Lórí ilẹ̀ líle, kílò púpọ̀ kì í ṣe ọ̀tá. Ọkọ̀ tó wúwo díẹ̀ máa ń rọ̀ mọ́lẹ̀ nínú kọ́nà, kì í ta kúlúkúlú lórí gegele. Síkíì rẹ̀ jìnnà síra, ó tó sẹ̀ǹtímítà 107 sí 109, kó má baà dojú dé. Eyín tíráàkì rẹ̀, rọ́bà tó yọ síta lára bẹ́líìtì náà, kúrú, ínǹṣì kan sí kan ààbọ̀. Ẹ má rà á bí ẹ bá ní i lọ́kàn láti máa yà kúrò lójú ọ̀nà lọ sínú yìnyín jíjìn. Bí ẹ bá fún un níná níbẹ̀, ṣe ni tíráàkì kúkúrú yẹn máa gbẹ́ kòtò fún ara rẹ̀.

Ọkọ̀ orí òkè ni kílò ti ń ká èèyàn lára jù lọ. Summit ti Ski-Doo àti RMK ti Polaris ni orúkọ tí ẹ máa gbọ́ jù. Ìwọ̀n gbígbẹ wọn sábà máa ń wà láàárín 185 sí 210. Ara ẹni tó gùn ún ni wọ́n fi ń darí rẹ̀, ju ọwọ́ ìdarí lọ: ẹ óò dìde dúró, ẹ óò fi ara fà á dẹ̀gbẹ́ kan, kó lè fi ẹ̀gbẹ́ tíráàkì gé gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ òkè kọjá láì yọ̀ sísàlẹ̀. Nítorí náà síkíì rẹ̀ sún mọ́ra, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 91, kó lè rọrùn láti dẹ̀gbẹ́. Eyín tíráàkì rẹ̀ gùn ní ínǹṣì 2.5 sí 3. Kílò mẹ́wàá tí ẹ kò ní kà sí lójú ọ̀nà, bó bá di ọ̀sán, apá yín á ti mọ̀ ọ́n níbí.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé kí èèyàn ra tíráàkì tó gùn jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù, torí pé gígùn túmọ̀ sí àìrì. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n tíráàkì 175 kì í fẹ́ yí. Ó ń lọ tààrà, ó sì wúwo ju 154 lọ. Ẹni tí kò tó kílò 75, tó ń gun àárín igi níbi tí ó ti gbọ́dọ̀ máa yí lemọ́lemọ́, 154 ló bá a mu lójú tèmi. Ẹni tó ju 100 lọ pẹ̀lú ẹrù ẹ̀yìn rẹ̀, tàbí tó ń lọ síbi tí yìnyín rẹ̀ jìn tó sì fẹ́lẹ́, kó wo 165.

Ẹ má sì gbé ọkọ̀ orí òkè lọ sojú ọ̀nà líle kí ẹ fi gba kìlómítà púpọ̀. Yìnyín tí tíráàkì ń tú sókè ló ń mú omi rédíétọ̀ tutù, òun náà ló ń mú ike tí tíráàkì ń yọ̀ lé lórí tutù. Níbi tí ilẹ̀ ti le bí òkúta, kò sí ohun tó máa tú sókè. Ike yẹn á yọ́, iná ìkìlọ̀ ooru á tàn, eyín gígùn náà á máa tẹ̀ títí tí àwọn kan fi máa já. Ìpara yìnyín, irin kékeré tí wọ́n ń dè mọ́ abẹ́ ọkọ̀ kó lè máa họ ilẹ̀, ló ń yanjú apá kan nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó ẹ́ńjìnì. Ẹ gbé e sókè bí ẹ bá fẹ́ lọ sẹ́yìn, torí ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló ń ṣẹ́ bí ọkọ̀ bá wọ rìfáàsì.

Láàárín ọkọ̀ ojú ọ̀nà àti ti orí òkè ni ọkọ̀ alágbedeméjì wà, irú Backcountry ti Ski-Doo àti Switchback ti Polaris: tíráàkì rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 146, eyín rẹ̀ ínǹṣì 1.6 sí 2. Kò dára jù lójú ọ̀nà, kò dára jù lórí òkè. Síbẹ̀, ẹni tó jẹ́ pé owó ọkọ̀ kan péré ló ní, tí kò tíì mọ ibi tí òun máa gùn jù, òun ni màá ní kó rà.

Ọkọ̀ iṣẹ́ ni mo rí i pé èèyàn ń fojú di jù. Skandic àti Expedition ti Ski-Doo, Ranger ti Lynx, Titan ti Polaris: àwọn apẹja lórí adágún, àwọn darandaran ìgalà ní àríwá Finland, àti àwọn tó ń gbé igi ìdáná ló ń lò wọ́n. Tíráàkì rẹ̀ fẹ̀ ní ínǹṣì 20 tàbí 24, ó sì ní jíà kékeré tó lágbára fún wíwọ́ ẹrù. Jíà yẹn ṣe pàtàkì ju agbára ẹṣin lọ. Bí ẹ bá fi ọkọ̀ tí kò ní in wọ́ ẹrù kílò 300 nínú yìnyín jíjìn, ọkọ̀ á máa rọra rìn, ẹ́ńjìnì á máa ké, bẹ́líìtì tó so kílọ́ọ̀ṣì méjèèjì pọ̀, tó ń gbé agbára ẹ́ńjìnì lọ sí tíráàkì, á máa yọ̀ títí á fi jóná. Òórùn rọ́bà jíjó ni ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ dúró nígbà náà, ẹ ṣí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kí afẹ́fẹ́ wọlé, kí ẹ sì gbé ẹrù náà ní ẹ̀ẹ̀mejì. Bẹ́líìtì kan tó jẹ́ tuntun gbọ́dọ̀ wà nínú ọkọ̀ nígbà gbogbo.

Irin gbọọrọ ni kí ẹ fi so ẹrù tí ẹ ń wọ́, kì í ṣe okùn. Okùn kò lè dá ẹrù dúró: bí ẹ bá tẹ bíréèkì, ẹrù á gbá yín lẹ́yìn. Ẹrù tó wúwo jù kó wà ní iwájú díẹ̀ nínú ohun tí ẹ ń wọ́, kí ìdí rẹ̀ má baà máa fì. Iye tí ọkọ̀ lè wọ́ wà nínú ìwé tó bá a wá. Ẹ má fi ojú díwọ̀n rẹ̀.

Lórí adágún, ewu ọkọ̀ iṣẹ́ ni omi tó máa ń fara pamọ́ sáàárín yìnyín àti omi tó ti dì. Yìnyín púpọ̀ ń tẹ omi dídì náà, omi á gba ojú ihò rú sókè, ẹnikẹ́ni kò sì ní rí i. Bí ẹ bá rí i pé ọ̀nà ẹ̀yìn yín ti di dúdú, tí omi ń ta, ẹ má dúró. Ẹ máa fún un níná wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, kí ẹ rọ́ ọ̀nà padà sí ibi tó gbẹ. Ọkọ̀ oníkílò 370 tó bá dúró síbẹ̀ kò ṣeé gbé. Bí ẹ bá jáde, ẹ gbé ìdí rẹ̀ lé orí igi méjì kí ẹ tó fi í sílẹ̀ di àárọ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ tíráàkì á dì mọ́lẹ̀.

Ọkọ̀ ẹlẹ́ni méjì fún ìrìn àjò jẹ́ ọkọ̀ ojú ọ̀nà tí wọ́n fi ìjókòó àti àtìlẹ́yìn kún. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ mọ̀ nípa rẹ̀: ẹni tó jókòó sẹ́yìn ń gbé ẹrù kúrò lórí síkíì, ọkọ̀ á sì máa lọ tààrà níbi tí ẹ ti fẹ́ yí. Ẹ mú sípíríǹgì ẹ̀yìn le kí ó tó gùn ún. Ti ọmọdé, àwọn ẹlẹ́ńjìnì 120, kò ju bíi kílò 65 sí 75 lọ. Síbẹ̀ ọmọ ọdún mẹ́jọ kò lè gbé e kúrò lára ara rẹ̀. Ẹ wà nítòsí.

Ní ti ẹ́ńjìnì, two-stroke fúyẹ́, ó sì ń jí wéré. Four-stroke kì í mu epo tó bẹ́ẹ̀, kì í pariwo, kì í jó ọ́ìlì, ṣùgbọ́n ó lè fi kílò 20 sí 40 kún ọkọ̀, iwájú sì ni púpọ̀ nínú kílò yẹn ń jókòó sí. Lójú ọ̀nà, kò burú. Nínú yìnyín jíjìn, imú ọkọ̀ á máa rì. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé two-stroke onílítà 0.85, tó ní agbára ẹṣin bíi 165, ló pọ̀ lórí òkè. Gíga ilẹ̀ náà ń jẹ agbára: ẹ́ńjìnì tí kò ní tọ́bò, ẹ̀rọ tó ń ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ sínú ẹ́ńjìnì, ń pàdánù nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú ọgọ́rùn-ún fún mítà 300 kọ̀ọ̀kan. Ní Vail Pass ní Colorado, tó ga ju mítà 3,200 lọ, agbára 165 yẹn kì í ju bíi 115 lọ mọ́, kílò ọkọ̀ sì wà níbẹ̀ láìdín. Tọ́bò ń dá agbára náà padà, ó sì ń fi kílò àti owó kún un. Ẹni tó ń gùn ní Minnesota, níbi tí ilẹ̀ kò ti ga, kò nílò rẹ̀ nítorí òkè.

Ẹ lè rà á tán kó jẹ́ pé ìwọ̀n ẹni tó ń gùn ún ni wọn kò tò ó sí. Sípíríǹgì tí ó bá ọkọ̀ wá kì í mọ̀ bóyá kílò 60 ni yín tàbí 110. Ẹ gbé ìdí ọkọ̀ sókè títí sọ́ọ̀kù fi nà tán, ẹ wọn gíga irin ẹ̀yìn sí ilẹ̀. Ẹ wọ gbogbo aṣọ yín, ẹ jókòó lé e, kí ẹlòmíràn tún wọ̀n ọ́n. Bí ó bá wálẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 5 sí 8, ó dára fún ojú ọ̀nà. Bó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ yí sípíríǹgì le sí i. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo bẹ́líìtì aṣọ kékeré tó so iwájú férémù tíráàkì mọ́ ọkọ̀. Bí ẹ bá fà á kúrú, ẹrù á lọ sórí síkíì: ọkọ̀ á yí dáadáa, ọwọ́ ìdarí á sì wúwo. Bí ẹ bá tú u gùn, síkíì á fúyẹ́, tíráàkì á mú ilẹ̀ sí i, ọkọ̀ á gòkè yìnyín jíjìn, ṣùgbọ́n kò ní fẹ́ yí. Ihò kan ni kí ẹ máa sún lẹ́ẹ̀kan, kí ẹ sì gùn ún wò.

Tírélà kékeré tí ẹ máa fi mọ́tò fà láti gbé snowmobile náà ní ìwọ̀n tirẹ̀, nọ́ńbà tó wà lára pátákó rẹ̀ sì ti ka ara tírélà pọ̀ mọ́ ẹrù. Bó bá kọ kílò 1,000, tí tírélà fúnra rẹ̀ jẹ́ 250, ẹrù 750 ló kù. Ọkọ̀ iṣẹ́ méjì oníkílò 370 ti jẹ ẹ́ tán. Ìdá mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú ọgọ́rùn-ún àpapọ̀ ìwọ̀n ni kó wà lórí imú tírélà. Bó bá dín, tírélà á máa fì lẹ́yìn yín.

Ní ti omi dídì, ínǹṣì 4 ni ìlànà Minnesota fún ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn. Fún snowmobile, ẹ má gùn ún lórí èyí tí kò tó ínǹṣì 7, bíi sẹ̀ǹtímítà 18. Èyí tó mọ́ gaara nìyẹn o. Funfun kò lágbára ju ìdajì rẹ̀ lọ, ẹ sọ nọ́ńbà náà di méjì. Ẹ lu ihò kí ẹ wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì tún wọ̀n ọ́n bí ẹ ti ń lọ, torí ibi tí omi ti ń ṣàn lábẹ́ kì í dì bákan náà.

Bí ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwọ̀n ọkọ̀ tó ti ṣetán. Bí ẹni tó ń tà á kò bá mọ̀ ọ́n, ẹ ṣe ìṣírò òkè yẹn fúnra yín. Lẹ́yìn náà ẹ di irin ẹ̀yìn mú, kí ẹ gbé ìdí ọkọ̀ kúrò nílẹ̀. Ẹ di síkíì kan mú, kí ẹ fà á dẹ̀gbẹ́. Ilẹ̀ kọnkéré nìyẹn, ẹsẹ̀ yín sì dúró ṣinṣin. Bí ó bá ti ń mú yín mí gúlegúle níbẹ̀, tí ẹ sì ń pète láti máa dá gùn ún, ẹ wo èyí tó fúyẹ́ jù ú. Bí ẹ bá ń ra àlòkù, ẹ mọ̀ pé Yamaha kéde ní 2023 pé òun ń jáwọ́ nínú ṣíṣe snowmobile, ọkọ̀ ọdún 2025 sì ni ìgbẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ béèrè ibi tí ẹ ti máa rí páàtì kí ẹ tó sanwó.